Adé líìgì Faransé 1944: ṣé ti Lens ni, àbí ti ìjọba?

Àtẹ_Eré kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìbéèrè kan ló wà nílẹ̀. Àkọsílẹ̀ líìgì Faransé sọ pé 1998 ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Lens kọ́kọ́ gba adé, ọdún tí Marc-Vivien Foé ọmọ Kamẹrúùnù wà lọ́dọ̀ wọn, tí àwọn àti Metz jọ parí pẹ̀lú àmì 68, tó jẹ́ pé góòlù ló yà wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn àtẹ kan wà tó kọ «Lens-Artois» sí 1944 pé òun ló gba líìgì, nígbà tí sójà Jámánì ṣì ń yan fanda ní Paris. Àtẹ tí líìgì fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí fo láti Sète ní 1939 bọ́ sí Lille ní 1946, bí ẹni pé wọn ò ta bọ́ọ̀lù rárá láàárín méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ta á. Èwo ni ká mú? Ṣé Lens-Artois sì ni Lens tí a mọ̀?

Ìyá_Ìtàn kọ:

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ kí a tó wo adé, torí ààlà ló da líìgì náà rú ju ìbọn lọ.

Faransé tọwọ́ bọ ìwé ìdáwọ́-ogun-dúró ní 22 Oṣù Kẹfà 1940. Láti ọjọ́ náà, orílẹ̀-èdè kan di ilẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jámánì mú apá àríwá àti gbogbo etíkun ìwọ̀-oòrùn. Ìjọba Faransé lábẹ́ Pétain jókòó sí ìlú Vichy, ó ń ṣàkóso gúúsù; òun ni a ń pè ní ìjọba Vichy. Agbègbè Nord àti Pas-de-Calais, níbi tí Lille àti Lens wà, kò tilẹ̀ sí lábẹ́ ọ̀gágun Jámánì ti Paris. Brussels ni wọ́n ti ń darí ibẹ̀. Alsace àti Moselle ńkọ́? Jámánì gbé wọn mì pátápátá, wọ́n sọ wọ́n di ilẹ̀ ara wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ kọjá láti ilẹ̀ kan sí èkejì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Jámánì. Ẹ wá fojú inú wo ẹgbẹ́ tó kó agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá, olùkọ́ àti ẹrù dání, tí wọ́n fẹ́ ti Marseille lọ sí Roubaix ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Kò ṣeé ṣe. Ìdí nìyẹn tí líìgì fi pín sí àríwá àti gúúsù. Ní 1941, Red Star ló mókè lápá tí Jámánì mú, Marseille lápá gúúsù. Ní 1942, Reims ló mú àríwá, Sète mú gúúsù. Ní 1943, Lens ló mú àríwá, Toulouse mú gúúsù.

Ní 11 Oṣù Kọkànlá 1942, Jámánì wọ gúúsù náà. Nígbà tí kò sí ibi tí wọn ò mú mọ́, ààlà àárín ò wúlò tó bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọ́n sì dẹ ọwọ́ rẹ̀ ní Oṣù Kẹta 1943. Nítorí náà ni líìgì kan ṣoṣo fi lè wà ní sáà 1943-44. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: ìgbà tí ìyà pọ̀ sí i ni ìrìn àjò fún eré rọrùn.

Òjò_Pápá kọ:

Ẹ ṣé, Mọ̀mí. Ṣùgbọ́n líìgì kan ṣoṣo yẹn kì í ṣe ti àwọn ẹgbẹ́ tí a mọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ẹni tí Vichy kọ́kọ́ fi ṣe olórí eré ìdárayá ni Jean Borotra, ògbóǹtarìgì tẹ́níìsì tó gba Wimbledon ní 1924 àti 1926. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní 1942 ni Joseph Pascot, ọ̀gágun tó ti gbá rọ́gbì fún Faransé. Àwọn méjèèjì kò fẹ́ràn kí èèyàn máa fi eré jẹun. Òfin wọn fi òpin sí owó oṣù nínú tẹ́níìsì àti ìjàkadì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; wọ́n fún bọ́ọ̀lù, kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀ṣẹ́ ní ọdún mẹ́ta kí wọ́n fi palẹ̀ mọ́. Rọ́gbì ẹlẹ́ni-mẹ́tàlá ni ọ̀rọ̀ náà bá jù: òfin Oṣù Kejìlá 1941 pa á rẹ́, wọ́n sì gba dúkìá rẹ̀. Bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin náà ò ríbi fẹ̀yìn tì. 1941 ni wọ́n fòfin dè é.

Nígbà tó di 1943, Pascot gba àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wọn. Ìjọba di ọ̀gá wọn, ìjọba ló ń san owó oṣù, bíi ti akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n wá pín wọn sí ẹgbẹ́ agbègbè 16. Orúkọ ìlú ni ó ṣáájú, orúkọ ilẹ̀ àtijọ́ tẹ̀ lé e: Lens-Artois, Lille-Flandres, Reims-Champagne, Nancy-Lorraine, Marseille-Provence, Toulouse-Pyrénées, Rennes-Bretagne, Rouen-Normandie, Paris-Capitale. Ẹ má rò pé orúkọ lásán ni. Ìṣọ̀tẹ̀ 1789 ló pa àwọn ilẹ̀ bí Artois àti Provence rẹ́, tí wọ́n fi pín Faransé sí ẹkùn kéékèèké. Vichy kórìíra ohun tí ìṣọ̀tẹ̀ yẹn ṣe, wọ́n sì fẹ́ jí àwọn ilẹ̀ àtijọ́ dìde. Wọ́n wá fi bọ́ọ̀lù ṣe é.

Nípa ti òfin, àwọn ẹgbẹ́ gidi ò kú, ṣùgbọ́n àwọn tí kì í gbowó nìkan ló kù sọ́wọ́ wọn.

Sọ̀rọ̀_Sókè kọ:

Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹgbẹ́ ìjọba ló gba adé ìjọba. Kí ló kan Lens níbẹ̀?

Awakùsà_62 kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Orúkọ ni wọ́n yí, kì í ṣe ẹsẹ̀ tó ń gbá a. Paris-Capitale kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ láti inú ìlú kan náà, ìyẹn ni a lè pè ní àmúlùmálà. Ti Lens ò rí bẹ́ẹ̀. Lens ló ti ń léwájú ní àríwá lọ́dún tó ṣáájú, àwọn ọmọ rẹ̀ náà ni wọ́n gbé lọ sínú Lens-Artois.

Ẹ wo atamátàsé wọn. Stefan Dembicki, tí gbogbo ayé ń pè ní Stanis, òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Pólàńdì, Dortmund ní Jámánì ni wọ́n ti bí i ní 1913. Irú ẹbí bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Pas-de-Calais: wọ́n ti kọ́kọ́ ń wa èédú ní Westphalia ní Jámánì, nígbà tó di lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ibi ìwakùsà Faransé tí ogun ti bàjẹ́ ń wá òṣìṣẹ́, wọ́n bá ṣí lọ. Ní 13 Oṣù Kejìlá 1942, nínú ife-ẹ̀yẹ Faransé, Lens na Auby-Asturies ní 32 sí 0. Stanis nìkan ju 16. Ẹ kà á dáadáa: góòlù 16, nínú eré kan.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ka àtẹ kì í wò. Òfin iṣẹ́ àfipáṣe jáde ní 16 Oṣù Kejì 1943, wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí a bí láàárín 1920 àti 1922 lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì. Ọjọ́ orí àwọn agbábọ́ọ̀lù gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n Jámánì nílò èédú, nítorí náà wọn ò kó àwọn awakùsà. Ìlú tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ èédú kò ṣófo bí ìlú tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aṣọ tàbí wáìnì. Lójú tèmi, èyí ran Lens lọ́wọ́ láti rí ọmọ gbá bọ́ọ̀lù ju bí ẹsẹ̀ Stanis nìkan ṣe lè ṣe lọ.

Sọ̀rọ̀_Sókè kọ:

16 nínú eré kan! Aṣọ́lé Auby ńkọ́, ṣé ó dákú ni?

Ìyá_Ìtàn kọ:

@Sọ̀rọ̀_Sókè, ẹgbẹ́ tí kì í gbowó ni Auby. Ife-ẹ̀yẹ gba gbogbo ẹgbẹ́, ńlá àti kékeré. Kò yàtọ̀ sí kí ẹgbẹ́ àdúgbò lọ kojú Enyimba.

Ẹ tún fi èyí kún un: ní Oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, Marseille na Avignon ní 20 sí 2 ní gúúsù, Emmanuel Aznar ju 9. Tí ẹ bá ń rí irú iye báyìí nínú sáà ogun, ẹ má tètè pariwo pé atamátàsé náà jẹ́ àràmàǹdà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ta ni ẹgbẹ́ kejì rí kó jáde. Faransé tí Jámánì kó lẹ́rú ogun ní 1940 lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀.

Àgbà_Rẹfirí kọ:

Ẹ gbọ́, àwọn ọmọ òde òní ń ka àtẹ bí ẹni pé bọ́ọ̀lù òde òní ni wọ́n ń gbá. Ẹ jẹ́ kí n mú bọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀ sọ́wọ́.

Awọ màlúù ni, tí wọ́n gé sí awẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà awẹ́ 18. Láti inú ni wọ́n ti ń rán an, kí ojú rírán má bàa fara hàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí i síta. Wọ́n fi ẹnu kan sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ti rọ́bà bọ inú rẹ̀. Wọ́n á fẹ́ rọ́bà náà, wọ́n á di ọrùn rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ wọlé, wọ́n á wá fi okùn awọ di ẹnu ihò bíi bàtà. Ẹni tó bá fi iwájú orí kan okùn yẹn mọ ohun tó rí.

Láti 1937, òfin ní kí ó wọn láti wáńsì 14 sí 16, bíi gíráàmù 396 sí 453, nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa: nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀. Awọ ń mumi. Ní ìṣẹ́jú 70 nínú òjò Artois, kò sẹ́ni tó tún gbé e sórí òṣùwọ̀n mọ́. Ohun tó ń dí omi lọ́nà ni ọ̀rá tí wọ́n fi ń pa awọ náà kí wọ́n tó gbá a, pàápàá lójú rírán. Lásìkò ogun, ọ̀rá di ohun tí wọ́n ń fi káàdì ìpín oúnjẹ ti ìjọba rà. Ìdílé tí kò rí ọ̀rá fi se ọbẹ̀, ta ni yóò fi pa bọ́ọ̀lù? Awọ ńkọ́, Jámánì ń fẹ́ ẹ fún bàtà sójà. Àwọn ará ìlú ń wọ bàtà onípákó. Rọ́bà inú bọ́ọ̀lù sì ń ti Éṣíà wá, ọkọ̀ ojú omi ò sì kọjá mọ́.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Bọ́ọ̀lù tí òjò pa, tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kó lè tètè gbẹ, awọ rẹ̀ á gan, á wá sán. Òwú á já lójú rírán, bóyá ìwọ̀n ìka kan péré. Rọ́bà á yọ síta níbẹ̀ bí ìdodo ọmọ tuntun. Bí wọ́n bá tún tá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ó bẹ́ nìyẹn. Rẹfirí á dá eré dúró, wọ́n á mú òmíràn, yóò sì jù ú sílẹ̀ níbi tó ti bẹ́, tí òmíràn bá wà. Ìtọ́jú tó tọ́ ni kí wọ́n tú okùn, kí wọ́n yọ rọ́bà, kí wọ́n fi bébà nù ún nínú, kí wọ́n gbé e síbi atẹ́gùn, kó jìnnà síná, ọjọ́ méjì ó kéré tán. Ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, tó sì ní eré lọ́la, kò ní ọjọ́ méjì.

Òjò_Pápá kọ:

Bàbá, ẹ kú làákàyè. Oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Ní 1941, búrẹ́dì tí káàdì fún àgbàlagbà jẹ́ gíráàmù 275 lójúmọ́, ó ti wá sílẹ̀ láti 350 tó wà ní 1940. Àwọn oníṣẹ́ agbára ní káàdì tiwọn, lẹ́tà T ló wà lára rẹ̀, òun ló ń fún wọn ní àlékún. Ẹni tó bá jẹ́ awakùsà wà nínú wọn. Ẹ tún rí èédú níbẹ̀.

Àtẹ_Eré kọ:

Ẹ ṣeun gan-an. Eré mélòó ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá ní 1943-44? Mo ń rí ibi tí wọ́n ti ń fi sáà yẹn wé ti òde òní.

Ònkà kọ:

Ẹgbẹ́ 16, nílé àti lóde: eré 30 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 240 lápapọ̀. Ìborí jẹ́ àmì 2, kì í ṣe 3. Tí àmì bá dọ́gba, wọn kì í yọ góòlù tó wọlé kúrò nínú èyí tí wọ́n ju. Wọ́n ń pín in ni. Àpẹẹrẹ lásán: ẹgbẹ́ tó ju 60, tí 35 wọ ilé rẹ̀, ní 1.71. Èyí tó ju 40, tí 20 wọ ilé rẹ̀, ní 2.00, òun ló wà lókè. Tí ẹ bá lo ìyọkúrò, 25 ju 20 lọ, ẹ ti gbé ẹni ìsàlẹ̀ sókè nìyẹn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú àwọn àtẹ tí wọ́n ń tún tò lónìí nìyí.

Eré 30 yẹn nira láti gbá tán. Láti Lens dé Marseille nípa rélùwéè lé ní kìlómítà 1,000, ó sì gbọ́dọ̀ gba Paris kọjá. Láti Oṣù Kẹta 1944 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù sí ibùdó rélùwéè jákèjádò àríwá kí Jámánì má bàa lè kó sójà lọ sí etíkun. Ibùdó Lille-Délivrance jóná lóru 9 sí 10 Oṣù Kẹrin, Rouen gbà á ní 19, La Chapelle ní Paris gbà á lóru 20 sí 21. Ẹ wo àwọn orúkọ ìlú yẹn, kí ẹ tún wo orúkọ àwọn ẹgbẹ́ 16. Ìlú kan náà ni wọ́n. Síbẹ̀, àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ wáyé ní 7 Oṣù Karùn-ún, Nancy-Lorraine na Reims-Champagne ní 4 sí 0 ní Paris. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ọkọ̀ ogun fi gúnlẹ̀ ní Normandy.

Sọ̀rọ̀_Sókè kọ:

Èmi ò tíì yí ohùn padà o. Ẹ gbé Nọ́wè yẹ̀ wò. Jámánì wọ ibẹ̀ ní 9 Oṣù Kẹrin 1940. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi èèyàn wọn jẹ olórí eré ìdárayá ní ìparí ọdún náà, àwọn eléré ìdárayá yanṣẹ́ lódì. Líìgì wọn tí ogun dá dúró kò padà títí di 1947-48. Ife-ẹ̀yẹ 1940 ni wọ́n parí, Fredrikstad ló gbà á, lẹ́yìn náà kò sí òmíràn títí ogun fi parí. Àwọn tó gbà fún Násì ń gbá bọ́ọ̀lù lójú àga òfìfo. Asbjørn Halvorsen, tó kọ́ Nọ́wè tó na Jámánì ní 2 sí 0 ní Òlíḿpíìkì Berlin 1936, akọ̀wé àjọ bọ́ọ̀lù wọn ni nígbà náà. Wọ́n mú un ní 1942, ó dé àgọ́ ìfìyàjẹni Násì ní Natzweiler. Ó yè é, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò padà sípò. 1955 ló kú. Ohun tó yẹ kí Faransé ṣe nìyẹn.

Awakùsà_62 kọ:

Ẹ̀gbọ́n, tí a bá ń fi ẹ̀rí ọkàn wọn adé, ẹ múra láti gba adé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣé ẹ ó lọ sí Netherlands náà? Àwọn ń kà tiwọn ní pípé: Heracles 1941, ADO 1942 àti 1943, De Volewijckers 1944. Ọdún 1945 nìkan ló ṣófo, torí ebi àti àìsí ọkọ̀ rélùwéè.

Ìyá_Ìtàn kọ:

Ẹ dúró lórí Netherlands díẹ̀, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti hàn.

Àwọn ò yí ètò líìgì wọn padà. Ẹkùn márùn-ún ni wọ́n ní kí ogun tó dé, márùn-ún ni wọ́n ní nígbà ogun. Olórí ẹkùn kọ̀ọ̀kan á pàdé ara wọn nílé àti lóde, eré 8 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá lé wájú ló gba adé. Àjọ bọ́ọ̀lù kan náà ló ṣètò rẹ̀. Wọ́n kàn yọ «ti ọba» kúrò lára orúkọ rẹ̀, torí ọbabìnrin wà ní London. Ẹgbẹ́ kan náà, aṣọ kan náà. Àwọn òǹwòran sì ń rọ́ wá, torí kò sí ohun mìíràn tí wọ́n lè lọ wò lọ́jọ́ Àìkú tí kò ní ọwọ́ Jámánì nínú.

Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní mímọ́. Láti 15 Oṣù Kẹsàn-án 1941, àkọlé «Èèwọ̀ ni fún Júù» wà lẹ́nu ọ̀nà pápá. Árpád Weisz, Júù ọmọ Hungary, tó ti gba líìgì Ítálì fún Inter ní 1930 àti fún Bologna ní 1936 àti 1937, sá kúrò ní Ítálì nítorí òfin ẹ̀yà, ó sì ń kọ́ ẹgbẹ́ DFC ní Dordrecht. Wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Oṣù Kẹjọ 1942 wọ́n kó òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn méjì. Kò sí ọ̀kan tó padà. Ó kú sí Auschwitz, àgọ́ ikú Násì, ní Oṣù Kìn-ín-ní 1944. Eddy Hamel, tó ti gbá apá ọ̀tún fún Ajax ní àwọn ọdún 1920, wọ́n pa òun náà sí Auschwitz ní 1943. Han Hollander, ohùn tí gbogbo Netherlands mọ̀ lórí rédíò nídìí bọ́ọ̀lù, àgọ́ ikú Sobibor ni wọ́n ti pa á lọ́dún kan náà. Líìgì ń lọ ní gbogbo ìgbà yẹn, adé rẹ̀ sì kà.

Nítorí náà kì í ṣe ìwà mímọ́ ni wọ́n fi ń kà á. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ta ló ṣètò rẹ̀, ta ló sì ni àwọn ẹgbẹ́.

Sọ̀rọ̀_Sókè kọ:

Mọ̀mí, ẹ ti pa mí lẹ́nu mọ́ lórí ti ẹ̀rí ọkàn. Ó ku ti òfin.

Òjò_Pápá kọ:

Ti òfin rèé. Ìjọba de Gaulle, olórí àwọn Faransé tó ń bá Jámánì jà, ti wà ní Algiers nígbà tí sáà náà ń bẹ̀rẹ̀. Ní 2 Oṣù Kẹwàá 1943, wọ́n fi àṣẹ kan lélẹ̀ tó sọ òfin eré ìdárayá Vichy ti 20 Oṣù Kejìlá 1940 di òfo, bí ẹni pé kò wáyé rí. Ó túmọ̀ sí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni ilé tí líìgì náà dúró lé ti wó lójú òfin àwọn tó máa padà wá jọba. Nígbà tí Paris bọ́ ní Oṣù Kẹjọ 1944, ẹgbẹ́ agbègbè 16 túká, àwọn agbábọ́ọ̀lù padà sílé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìtakora tó wà níbẹ̀: ife-ẹ̀yẹ 1944 kà! Nancy-Lorraine wà nínú àtẹ àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ Faransé títí dòní, ẹgbẹ́ Pascot gẹ́lẹ́, bíi Lens-Artois. Lójú tèmi, torí pé ife-ẹ̀yẹ jẹ́ ti àjọ bọ́ọ̀lù láti 1918, tí ogun kò sì dá a dúró, ni kò sẹ́ni tó fẹ́ já ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Líìgì ti já tẹ́lẹ̀ láti 1939.

Awakùsà_62 kọ:

Ẹ rí i? Góòlù 16 Stanis kà torí pé inú ife-ẹ̀yẹ ló ti ju wọ́n. Adé tó gbà ní sáà tó tẹ̀ lé e kò kà. Ẹsẹ̀ kan náà.

Ònkà kọ:

Ẹ má gbàgbé Lille. Lille-Flandres kó àwọn ọmọ Olympique Lillois àti ti SC Fives sínú ẹgbẹ́ kan. Àwọn méjèèjì wà ní ìlú kan náà, ọ̀tá sì ni wọ́n. Ní ìgbẹ̀yìn 1944, dípò kí wọ́n pínyà padà, wọ́n dara pọ̀ di LOSC, ẹgbẹ́ Lille tí a mọ̀ lónìí. LOSC gba líìgì àti ife-ẹ̀yẹ ní 1946. Nítorí náà, adé àkọ́kọ́ tí àtẹ líìgì fúnra rẹ̀ kọ lẹ́yìn ogun, ẹgbẹ́ tí ó gbà á ti inú ìdàpọ̀ Pascot jáde. Wọ́n sọ òfin di òfo, ọmọ tí ó bí ò di òfo.

Àgbà_Rẹfirí kọ:

Háà. Èyí ò hàn sí mi rí báyìí.

Àtẹ_Eré kọ:

Àwọn tó kú lójú ogun ńkọ́? Ṣé àwọn agbábọ́ọ̀lù wà nínú àwọn ajàjàgbara?

Ìyá_Ìtàn kọ:

Wọ́n wà. Rino Della Negra, ọmọ àwọn ará Ítálì, ń gbá ẹ̀gbẹ́ fún Red Star ní 1943, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ ajàjàgbara Manouchian lábẹ́lẹ̀. Wọ́n mú un ní Oṣù Kọkànlá 1943, wọ́n yìnbọn pa á ní Mont-Valérien ní 21 Oṣù Kejì 1944. Ẹni 20 ọdún ni.

Ẹgbẹ́ kejì náà ò ṣófo. Alexandre Villaplane, tó jẹ́ balógun Faransé ní Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ ní 1930, bá Gestapo, ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ Násì, ṣiṣẹ́. Àwọn Faransé fúnra wọn ló yìnbọn pa á ní Oṣù Kejìlá 1944.

Àtẹ_Eré kọ:

Ó ti yé mi. Báwo wá ni kí n ṣe kọ ọ́ sínú àtẹ?

Ònkà kọ:

Má kọ «RC Lens» sí 1944, má sì fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Kọ «Lens-Artois», kí o sì fi òpó kan kún àtẹ fún ẹni tó ṣètò eré: fún 1933 sí 1939, àjọ bọ́ọ̀lù, fún 1944, ìjọba Vichy. Òpó mìíràn fún bóyá ó wà nínú iye adé ti líìgì: rárá. Fún 1941 sí 1943, ìlà méjì méjì ni, àríwá àti gúúsù. Má ṣe yan ọ̀kan. 1945 náà ò sí nínú iye: àríwá àti gúúsù tún pín, Rouen na Lyon nínú àṣekágbá. Má da góòlù líìgì ọdún wọ̀nyẹn pọ̀ mọ́ iye góòlù agbábọ́ọ̀lù kankan. Ti ife-ẹ̀yẹ, o lè kà á.

Strasbourg, Metz àti Mulhouse kò ní sí níbẹ̀ rárá láti 1940 sí 1944. Má rò pé wọ́n sùn. Wá wọn sínú líìgì Jámánì, pẹ̀lú orúkọ Jámánì: FC Mülhausen ló gba líìgì Alsace ní 1941, 1943 àti 1944, ẹgbẹ́ SS, àwọn ọmọ ogun Násì, ti Strassburg ló gbà á ní 1942.

Sọ̀rọ̀_Sókè kọ:

Ẹgbẹ́ SS! Ta ló jẹ́ fọ́wọ́ kàn wọ́n nínú pápá?

Awakùsà_62 kọ:

Mulhouse fọ́wọ́ kàn wọ́n. Ẹ tún ka àwọn ọdún yẹn: 1943 àti 1944.

Àtẹ_Eré kọ:

Ìlà 1944 ti wọlé: Lens-Artois, ẹgbẹ́ 16, eré 30, ìborí àmì 2, olùṣètò ìjọba Vichy, kò sí nínú iye adé. Alsace ló kàn báyìí.